Èèwọ̀ Orí Òkè Pilatus

Kò sí ibi tí òkè wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá fara pamọ́ sí ní ọdún 1830 nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé Abẹ́òkúta. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè tẹ̀ dó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìbàdàn sì ń bọ Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún. Lójú àwọn baba wa, òkè kì í ṣe òkúta lásán. Ààbò ni, òrìṣà ni, ó sì ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí yóò bá gùn ún ní láti mọ ọjọ́ tí a ń gùn ún, kí ó sì mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro fún àgbà Yorùbá láti lóye bí ènìyàn ṣe lè dìde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó wọ bàtà líle, kí ó gun òkè títí di ọ̀sán, kí ó sì tún sọ̀kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láìrúbọ, láìdẹ̀gbẹ́, láìjá ewé, láìsá fún ọ̀tá. Bí ẹ bá bi í pé kí ni ó lọ ṣe, yóò ní òun kàn lọ gba afẹ́fẹ́ ni.

Irú ìgòkè bẹ́ẹ̀ ti di bárakú fún ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù, ní pàtàkì àwọn tí ń gbé ní agbègbè àwọn òkè Alps. Àwọn kan nínú wa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti fi ìtàn òkè kan ṣoṣo, èyí tí ń jẹ́ Pilatus ní ilẹ̀ Switzerland, ṣàlàyé pé àwọn náà ti bẹ̀rù òkè rí, pé wọ́n ti ka òkè léèwọ̀ rí, àti pé nígbà tí ẹ̀rù náà lọ tán, wọ́n ní láti wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè tí ìtàn náà gbé dìde kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Òkè Pilatus wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Luzern, ní àárín gbùngbùn Switzerland. Ṣóńṣó rẹ̀ tí ó ga jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Tomlishorn, fi mítà 2,128 ga ju ojú òkun lọ. Ní oṣù Okúdu ọdún kan tí iṣẹ́ gbé mi dé ìlú náà, ojúgbà mi kan tí ó gbà mí lálejò ní kí n ká lọ gun òkè náà. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, orúnkún mi kì í sì í ṣe ti ọ̀dọ́ mọ́. Mo bi í bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Kò fọhùn, ó kàn nawọ́ sí pátákó aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Wọn kò kọ iye kìlómítà sí i. Iye wákàtí tí ẹsẹ̀ yóò gbà ni wọ́n kọ. Èyí dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn baba wa ṣe ń díwọ̀n ọ̀nà: bí a bá jí ní àkùkọ ìdájí, a óò débẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí.

Alpnachstad, etí adágún ńlá, ni a ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 440. Igbó ni a kọ́kọ́ là kọjá. Lẹ́yìn igbó, a bọ́ sí pápá tí màlúù ti ń jẹ̀, tí agogo ńláńlá wà lọ́rùn wọn. Nígbà tí a ti rìn fún bíi wákàtí mẹ́ta ni mo rí ohun funfun kan nínú kòtò láàárín òkúta méjì. Mo ṣèbí aṣọ ni ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀.

Èdè wa kò ní orúkọ kan pàtó fún ohun tí mo rí yìí. Yìnyín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, ṣùgbọ́n yìnyín tiwa ni èyí tí ń fi ariwo bọ́ lu páànù nígbà òjò, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa bá ìṣòro yìí pàdé: níbì kan, wọ́n pè é ní òjò dídì, níbòmíràn, wọ́n pè é ní ẹ̀gbọ̀n òwú. Èmi fara mọ́ méjèèjì. Nígbà tí ó bá ń bọ̀ láti òkè, tí kò dún, tí kò sì wúwo, ẹ̀gbọ̀n òwú ni. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fọwọ́ kàn nínú kòtò yẹn ti le, ó ti dọ̀tí létí, omi sì ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀. Òjò dídì ni.

Létí omi yìí gan-an ni òdòdó wà. Ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ jọ àlùkò, ó dorí kodò bí agogo, etí rẹ̀ sì ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Soldanella ni wọ́n ń pè é. Òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ dúró kí òjò dídì yọ́ tán. Ó gba àárín rẹ̀ yọrí síta. Ojúgbà mi ṣàlàyé pé láti ọdún tí ó kọjá ni irúgbìn náà ti pèsè ìrudi rẹ̀ sílẹ̀. Bí òjò dídì bá ti fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn yóò là á kọjá. Igi òdòdó náà tí ó dúdú díẹ̀ yóò gba ooru oòrùn sára, yóò sì yọ́ ihò kékeré yí ara rẹ̀ ká. Kò gbọdọ̀ fàlẹ̀ rárá, nítorí pé oṣù díẹ̀ péré ni ilẹ̀ orí òkè fi ń wà láìní òjò dídì, irúgbìn tí ó bá sì ń retí kí gbogbo ilẹ̀ gbẹ lè má rí àyè so èso kí òtútù tó tún dé. Síbẹ̀, òjò dídì yìí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Òun ni ó bò ó mọ́lẹ̀ bí ìyá ṣe ń fi aṣọ bo ọmọ, kí òtútù tí ó mú jù má baà pa á. Díẹ̀ sókè sí i, a rí òdòdó gentian tí ó búlúù bí aṣọ tí a rẹ láró lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìtàn. Láyé àtijọ́, òkè tí ó fọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn tí ó gbọ́ èdè Látìnì ń pe òkè yìí. Bí ó ṣe wá di Pilatus kò ṣẹ̀yìn ìtàn àtẹnudẹ́nu kan. Wọ́n ní nígbà tí Pọ́ńtíù Pílátù, gómìnà tí ó dá Jésù lẹ́jọ́ ikú, papòdà, kò sí omi tí ó gba òkú rẹ̀. Wọ́n jù ú sínú odò Tiber ní Róòmù, ìjì jà. Wọ́n gbé e lọ sínú odò Rhône, ìjì tún jà. Níkẹyìn, wọ́n lọ sọ ọ́ sínú adágún kékeré kan lórí òkè yìí. Ìgbàgbọ́ àwọn ará Luzern ni pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ òkúta sínú adágún náà, Pílátù yóò bínú, ìjì yóò jà, àgbàrá yóò sì gbá oko àti ilé lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó dé fìlà ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé ìkùukùu a máa bo orí òkè náà bíi fìlà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí dáadáa: orúkọ a máa bí ìtàn, ìtàn a sì máa bí èèwọ̀.

Àwọn aláṣẹ ìlú Luzern kò fi èèwọ̀ yìí ṣeré. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun òkè náà láìgba àṣẹ. Ní ọdún 1387, wọ́n ju àlùfáà mẹ́fà tí ó gbìyànjú rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ẹ kíyè sí i pé ìlú onígbàgbọ́ ni Luzern, àlùfáà Ọlọ́run sì ni àwọn tí wọ́n fìyà jẹ. Nígbà tí David Hinderer, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Basel ní Switzerland, wá fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé ní ọdún 1853, ó bá àwọn ènìyàn tí ó ní òkè tí wọ́n ń bọ. Bí ó bá ti wo ìtàn ilẹ̀ tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ wò dáadáa, ohun tí ó rí ní Ìbàdàn kò níí ṣe àjèjì sí i rárá.

Ta ni ó wá kọ́kọ́ tú ẹ̀rù náà ká? Bí a bá ń wá ẹni tí ó sọ gígun òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn di ohun ìgbádùn, a kò lè ṣe kí a má dárúkọ Conrad Gessner. Oníṣègùn ni, a sì bí i ní Zürich ní ọdún 1516. Ní ọdún 1541, ó kọ lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìwé tí ó kọ nípa wàrà. Nínú rẹ̀ ni ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí òun sí, òun yóò máa gun òkè kan, ó kéré tán, lọ́dọọdún, ní àkókò tí òdòdó bá ń tan, kí òun lè kọ́ nípa irúgbìn, kí ara òun lè le, kí inú òun sì lè dùn. Nǹkan mẹ́ta tí ọkùnrin yìí so pọ̀, ìyẹn ìmọ̀, ìlera àti ìdùnnú, ni àwọn tí ń gun òkè fún ìgbádùn ṣì ń wí títí di òní olónìí.

Ní ọdún 1555, Gessner gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ Luzern, ó sì gun Pilatus. Ó kọ ìwé kékeré kan ní èdè Látìnì nípa ìrìn náà. Kò sí ẹ̀yà ara kan tí kò rí ìgbádùn tirẹ̀ nínú ìwé yìí: ojú rí òkúta àti òdòdó, etí gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ tí kò sí ní ìgboro, imú gbọ́ òórùn koríko, ẹnu tọ́ omi tútù àti wàrà àwọn darandaran wò. Ní ti Pílátù, kò gba ìtàn náà gbọ́. Ikú ni ó mú un lọ ní ọdún 1565, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ Zürich. Bẹ́ẹ̀ ni kò kú nípa ọwọ́ ẹ̀mí kankan.

Èèwọ̀ náà kò parẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 1585, Johann Müller, àlùfáà ìlú Luzern, kó àwọn ènìyàn sẹ́yìn lọ sí etí adágún náà, ó sọ òkúta sínú rẹ̀, ó sì pe Pílátù níjà. Ìjì kò jà. Ní ọdún 1594, àwọn aláṣẹ jẹ́ kí wọ́n la etí adágún náà kí omi rẹ̀ lè ṣàn dànù. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù òkè kò tán ní ilẹ̀ náà, nítorí pé ní ọdún 1723 pàápàá, Scheuchzer, ọ̀mọ̀wé Zürich, tẹ ìwé kan jáde tí àwòrán àwọn dírágónì orí òkè Alps wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Albrecht von Haller, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn tí ó ń ṣa ewé jọ, rìn káàkiri àwọn òkè náà ní ọdún 1728, tí ó sì fi ohun tí ó rí kọ ewì gígùn kan tí ó jáde ní ọdún 1732. Ewì náà ló jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù máa wá wo òkè. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Ògún ọdún 1786, Jacques Balmat àti oníṣègùn Paccard dé orí Mont Blanc, òkè tí ó ga jù lọ nínú Alps. Ní ọdún 1808, Marie Paradis di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí. Ìtàn tí mo ń sọ bọ̀ yìí, ìtàn àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Àwọn ni wọ́n mọ ìwé kọ, àwọn ni a sì ń rántí. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún Gessner ní wàrà mu lórí òkè tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù? Darandaran ni. Nígbà tí Petrarch, akéwì ilẹ̀ Ítálì, kọ ìtàn bí òun ṣe gun òkè Ventoux ní ọdún 1336, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun pàdé darandaran arúgbó kan tí ó ti gùn ún ní àádọ́ta ọdún ṣáájú, tí kò sì rí èrè kankan níbẹ̀ ju aṣọ tí ó fà ya lọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1991, àwọn arìnrìn-àjò kan rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín ní ààlà Ọ́sítríà àti Ítálì, ní ibi tí ó ga ju mítà 3,000 lọ. Ìwádìí fi hàn pé ó ti tó ọdún 5,300 tí ọkùnrin náà ti kú síbẹ̀, pẹ̀lú ọrun, ọfà àti àáké rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀mọ̀wé kan ni ó ṣí ọ̀nà òkè fún un. Irú àṣìṣe kan náà ni a máa ń ṣe nígbà tí a bá ní Richard Lander ni ó wá ibi tí Odò Ọya ti wọ òkun rí ní ọdún 1830, bí ẹni pé àwọn apẹja tí a bí sí etí odò náà kò mọ ibi tí omi wọn ń ṣàn lọ.

Èmi náà pàdé darandaran kan lọ́jọ́ náà. Ó jókòó síwájú àtíbàbà rẹ̀, ó sì bù wàràkàṣì fún wa. Ojúgbà mi sọ ibi tí mo ti wá fún un. Ó bi mí bóyá a ní òkè ní ilẹ̀ wa. Mo sọ fún un nípa Olúmọ. Ó ní, "Kí ni ẹ máa ń lọ ṣe níbẹ̀?" Mo ní, "Láyé àtijọ́, a máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà wá. Lónìí, a máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì." Bí ojúgbà mi ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un tán ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan kọjá lókè wa, tí ó kún fún àwọn tí ń lọ wo ṣóńṣó òkè. Ọkùnrin náà fi ẹnu júwe rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ ojú irin yẹn ni ìpín tí ó kàn nínú ìtàn òkè náà. Ọdún 1889 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Eduard Locher ni ó ṣe ètò rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin eléyín mìíràn ní ayé tí ọ̀nà rẹ̀ dagun tó tirẹ̀. Òkè tí wọ́n torí rẹ̀ ju àlùfáà sẹ́wọ̀n di ibi tí ẹnikẹ́ni tí ó lówó lọ́wọ́ lè jókòó lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn àlejò ń wọ́ wá sí Alps, wọ́n sì fẹ́ mú nǹkan lọ sílé. Òdòdó edelweiss, tí ó funfun tí ó sì ní irun lára bí aṣọ òwú, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ń fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ní ọdún 1878, ìjọba ìpínlẹ̀ Obwalden, níbi tí Alpnachstad àti apá kan òkè Pilatus wà, ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú òdòdó yìí mọ́.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọdún méjì yìí wé ara wọn: 1594 àti 1878. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìjọba tú èèwọ̀ ká. Ní ìkejì, ìjọba dá èèwọ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan wà nítorí ìbẹ̀rù ohun tí òkè lè fi ènìyàn ṣe. Èkejì wà nítorí ìbẹ̀rù ohun tí ènìyàn lè fi òkè ṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀rìnlérúgba ọdún ó lé mẹ́rin ni ó wà láàárín wọn.

Àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn pàápàá nílò ààbò. Ní àwọn ọdún 1930, olùkọ́ kan ní agbègbè Zürich, J. J. Ess, rí i pé mọ́tò ti gba gbogbo ọ̀nà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni ó ṣáájú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń rì àwọn pátákó aláwọ̀ ìyeyè mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1979, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọ inú òfin tí a fi ń ṣe ìjọba orílẹ̀-èdè náà. Lónìí, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 65,000 lọ ní ilẹ̀ Switzerland.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí pátákó kò lè dáàbò bò. Láàárín ọdún 2022 àti 2023 nìkan, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo yìnyín ńláńlá tí ó wà lórí àwọn òkè Switzerland ni ó yọ́ dànù. Irúgbìn ìsàlẹ̀ ń gòkè lọ gba ilẹ̀ mọ́ irúgbìn òkè lọ́wọ́. Bí òjò dídì bá tètè yọ́ jù, òtútù òru lè bá ìrudi níhòòhò kí ó pa á. Òdòdó orí òkè kò sì ní ibòmíràn tí yóò sá lọ, nítorí pé lẹ́yìn ṣóńṣó òkè, sánmà ló kù.

Nígbà tí a dé orí òkè, mo jókòó wo adágún tí a ti kúrò ní etí rẹ̀ láàárọ̀, mo sì ń ronú nípa ilé. Ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni ó dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun fún ọ̀pọ̀ ọdún: a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í pa ẹja odò rẹ̀, a kì í dọdẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1950, èèwọ̀ náà ti ń yẹ̀, wọ́n ti ń gé igi, wọ́n sì ti ń wá ọ̀nà láti ta ilẹ̀ ibẹ̀. Susanne Wenger, tí a bí ní Graz ní ilẹ̀ Ọ́sítríà, tí òun náà jẹ́ ilẹ̀ òkè Alps, tí àwa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, wà lára àwọn tí ó kọ̀ jálẹ̀. Òun, àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ni wọ́n dúró ti igbó náà. Ìjọba kéde apá kan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Àdùnní sì dágbére fáyé ní ọdún 2009. Ní Òṣogbo, òfin dé kí èèwọ̀ tó kú tán. Ìdí nìyí tí igbó náà fi ṣẹ́ kù.

Àmọ́ igbó àti òkè mélòó ni ó wà ní ilẹ̀ wa tí èèwọ̀ wọn ti kú, tí òfin kankan kò sì tíì dé? A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kò sí iwin nínú igbó. Ó dára bẹ́ẹ̀, Gessner náà ò gbà pé òkú wà nínú adágún. Ṣùgbọ́n òun tí ó tú ẹ̀rù dànù fi ìfẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó ń lọ wo òdòdó lọ́dọọdún, ó sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwa tú ẹ̀rù dànù, ayùn ìgégi ni ó rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí a kò bá lè bẹ̀rù òkè mọ́, ó yẹ kí a lè mọ orúkọ àwọn ewé tí ó wà lórí rẹ̀, kí a kọ́ ọmọ wa láti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kí a sì fi òfin tì í lẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ ni a fi sọ̀kalẹ̀, nítorí pé mo kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú irin. Orúnkún mi fìyà jẹ mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí a kọjá ní ibi kòtò òjò dídì yẹn ní ìrọ̀lẹ́, ó ti kéré sí ti àárọ̀, àwọn òdòdó mìíràn sì ti yọ níbi tí etí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. N kò já ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé èèwọ̀ ni.